Ilẹ̀kùn Tí Olóògbé Fi Sílẹ̀

Páńẹ́bítà tí wọ́n ń pè ní Kò-sírú-mi kì í yin iṣẹ́ ẹlòmíì. Tí wọ́n bá gbé ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á kọ́kọ́ yí i po, á yínmú, kó tó dáhùn ìkíni ẹni tó gbé e wá. Òun ló fi orúkọ náà pe ara rẹ̀. Àwọn aládùúgbò kàn ń bá a pè é kí wọ́n lè rí nǹkan fi rẹ́rìn-ín ni.

Ọkọ̀ tó wọlé láàárọ̀ ọjọ́ náà ti pẹ́ láyé. Obìnrin kan ló wà á wá, ọkùnrin àgbàlagbà kan tó sanra sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ara ọkọ̀ ń dán, bọ́nẹ́ẹ̀tì àti bọ́ọ̀tù jókòó bó ṣe yẹ, àfi ilẹ̀kùn awakọ̀. Àlàfo tó yí i ká fẹ̀ lókè, ó sì há nísàlẹ̀ débi pé irin fẹ́ máa ha irin.

Obìnrin náà ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ń tún un ṣe. Ilẹ̀kùn yìí ló wà lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ tó kú. Jáàkì ló yẹ̀ nígbà tó wà lábẹ́ ọkọ̀ oníbàárà kan. Òun nìkan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù. Látìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kan ilẹ̀kùn yìí. Mo fẹ́ kó pa dé dáadáa, ọ̀gá. Ọkọ̀ yìí nìkan ni mo fi ń rántí ẹ̀."

Kò-sírú-mi wo ọkọ̀ náà títí, ó wá rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ̀gbọ́n yín yẹn ni wọ́n ń pariwo pé kò sí páńẹ́bítà bíi tiẹ̀ nílùú yìí?"

"Òun ni. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ni?"

"Níbo ni mo ti fẹ́ mọ̀ ọ́n? Mi ò dé ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ rí. Ariwo orúkọ ẹ̀ nìkan ló ń dí mi létí."

Ó ti pẹ́ tí ariwo náà ti ń dí i létí lóòótọ́. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ àtijọ́ á kọjá níwájú ẹnu ọ̀nà rẹ̀, á lọ bá olóògbé yẹn. Ìgbà tí wọ́n sin ìyẹn tán ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yà sọ́dọ̀ òun, inú rẹ̀ sì ń dùn sí i láìtijú.

Àgbàlagbà náà fẹ́ sọ̀ kalẹ̀.

"Bàbá, ẹ jókòó síbẹ̀! Ta ni wọ́n?"

"Àbúrò bàbá mi ni."

"Ẹ ní kí wọ́n sún sí àyè awakọ̀. Ọkọ̀ tí èèyàn ò sí nínú ẹ̀ máa ń purọ́. Ẹ á tún ilẹ̀kùn ẹ̀ ṣe tán, èèyàn á wọlé, gbogbo ẹ̀ á tún wọ́. Ikùn wọn yẹn, òní ló máa kọ́kọ́ wúlò."

Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Àgbàlagbà náà sún, ó ká ọwọ́ lé ikùn.

Kò-sírú-mi ki páálí pẹlẹbẹ kan bọ àlàfo náà lókè, ó ń mì lọ́tùn-ún lósì. Ó ki í bọ ìsàlẹ̀, kò wọlé. Ó pòṣé.

"Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe iṣẹ́ jákujàku o," obìnrin náà sọ wẹ́rẹ́.

Ọ̀rọ̀ yẹn ta á lára. "Àbí? Ṣé ọ̀gá ló ń fi agolo ti ẹ̀yìn hínjìsì? Ẹni tó mọṣẹ́ á ra wọ́ṣà. Agolo bísíkíìtì ni tiyín gé o! Agolo búlúù, tí wọ́n ya ẹyẹ sí, ló há sẹ́yìn hínjìsì ìsàlẹ̀ yìí. Mẹ́ta! Bí ọmọdé tó ń ṣeré."

"Ẹ ò tíì tú u, ọ̀gá."

"Kí ni mo fẹ́ tú kí n tó mọ̀? Ojú mi ń ríran."

Ó mú sípánà, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó dẹ bóòtù hínjìsì náà, ó fi èjìká gbé ilẹ̀kùn díẹ̀. Àwọn agolo náà já bọ́ sílẹ̀. Mẹ́ta ni wọ́n, búlúù ni wọ́n, apá ẹyẹ wà lára ọ̀kan, ẹsẹ̀ ẹyẹ sì wà lára òmíràn. Ó fi ẹsẹ̀ ta wọ́n sọ́dọ̀ obìnrin náà.

"Iṣẹ́ ọ̀gá nìyẹn o. Ẹ wò ó dáadáa."

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó fi áńkáṣíìfù kó wọn láì jẹ́ kí ìka rẹ̀ kàn wọ́n.

"Ṣé ẹ fẹ́ lọ sin àwọn náà ni?" Kò-sírú-mi ń rẹ́rìn-ín. Ó rí i tí àgbàlagbà náà ń sọ̀ kalẹ̀. "Bàbá, ta ní kí ẹ sọ̀? Mi ò tíì ṣe tán!"

Ọkùnrin náà, ọlọ́pàá tí kò bá obìnrin yìí tan rárá, yọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lápò, torí pé agolo bísíkíìtì tí wọ́n ti gé ara rẹ̀ ti wà ní àgọ́ ọlọ́pàá láti ọjọ́ tí olóògbé ti kú: obìnrin yìí fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní odindi láàárọ̀ ọjọ́ tó kú, kò sì sí ẹni tó lè mọ ibi tí olóògbé há èyí tó gé lára rẹ̀ sí àfi ẹni tó dúró tì í kí jáàkì tó yẹ̀.