Àlájì Kò Fẹ́ Fi Ọwọ́ Ìdarí Sílẹ̀

Inú ẹ̀rọ ìdánrawò ọkọ̀ òfurufú, tí kì í kúrò nílẹ̀ rárá, ni a wà, ní Ìlọrin, síbẹ̀ àyà wa ń já bí ẹni pé ojú ọ̀run ni.

Àlájì Àmínù, oníbàárà wa, ni ó ń wà á; èmi òṣìṣẹ́ tó ń tọ́ ọ sọ́nà jókòó tì í.

Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ti kan ilẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń sáré yà sọ́tùn-ún, sínú koríko.

"Ẹ fi ẹsẹ̀ òsì tẹ irin ìtẹ̀ ìsàlẹ̀ yẹn, Àlájì," ni mo wí. "Ẹsẹ̀ ni a fi ń darí ọkọ̀ nílẹ̀."

Kò gbọ́. Ó ń yí ọwọ́ ìdarí bí ẹni tí ń wa mọ́tò lọ sí Òkè-Oyì.

Ọ̀gá mi ti kìlọ̀: bí mo bá tún gba ìdarí lọ́wọ́ oníbàárà tí kò yọ̀ǹda rẹ̀, iṣẹ́ mi bọ́.

Gbogbo àga ń gbọ̀n.

"Àlájì, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọmọ yìí," ni Olúdáre ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀yìn. "Ìyàwó kan ṣoṣo ni mo ní, ó sì ń bínú sí mi; ẹ jẹ́ kí n délé bẹ̀ ẹ́."

Àlájì ká ọwọ́ sókè.

Mo fi ẹsẹ̀ òsì tẹ irin tèmi, mo rọra tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ padà sójú ọ̀nà, ó dúró.

Àlájì nu òógùn ojú rẹ̀.

"Ọmọ mi, ó yẹ kí wọ́n rán ọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀ òfurufú."

"Mo kọ̀wé béèrè ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ wọn, sà. Wọ́n dá mi lóhùn pé obìnrin kì í lè fara balẹ̀ nígbà ewu."

"Ta ló sọ irú ìsọkúsọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni alága ìgbìmọ̀ náà, sà. Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí lẹ́tà tí wọ́n fi dá mi lóhùn."