Ọmọ Tí Mo Ń Fẹnu Kọ́

Láràárọ̀ ni mo máa ń yọ ẹ̀rọ ìkíni létí Fẹ́hìntọlá ọmọ mi, kí n lè fẹnu ara mi kọ́ ọ. Ẹ̀rọ náà ló ń sọ fáwọn ọmọ àdúgbò ẹni tí wọ́n máa kúnlẹ̀ fún.

Lónìí, ó gbàgbé, ó kọjá lára Ìyá Olúmuyì, aládùúgbò wa, láì kí i.

“Àbíìkọ́!”

Èmi tí mo bí i ni èébú náà bá.

“Ẹ má bínú, mà. Ẹni tí a bí tí a ò kọ́ là ń pè bẹ́ẹ̀. Mo ṣì ń kọ́ tèmi.”

Mi ò dá ẹ̀rọ padà sí i létí.

Lẹ́nu géètì iléèwé, àwọn ọmọ ń rọ́ kọjá lára bàbá agbálẹ̀ kan tí ẹ̀rọ ò mọ̀. Fẹ́hìntọlá dúró, ó kúnlẹ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́, bàbá.”

Bàbá wẹ̀yìn wò, bóyá ẹlòmíì ló ń kí.