Kọ̀ǹpútà Dé Ṣọ́ọ̀bù Bàbá Mi

Ọjà Adjamé, ní ìlú elédè Faransé, ọdún 2002.

Bàbá mi, Àlàájì Àrìmíyàù, ra kọ̀ǹpútà sí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ti kó gbogbo ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà lọ́jà jọ, wọ́n ń fọ́nnu pé:

"Fadeelah ọmọ mi nìyí! Ọdún kẹta rẹ̀ rèé nídìí informatique, ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà. Dix-huit nínú vingt ló gbà, méjìdínlógún nínú ogún! Ó fẹ́ tàn án báyìí!"

Irọ́ kọ́. Èmi ni mo gbapò kìíní.

Mo jókòó síwájú ẹ̀rọ náà. Mo dijú, ètè mi ń mì wúyẹ́wúyẹ́.

"Àdúrà ló ń gbà," Ìyá Mustaqeem, aládùúgbò ṣọ́ọ̀bù wa, wí. "Àmín o!"

Mo sá bọ́ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo pe olùkọ́ wa lórí fóònù.

"Ẹ jọ̀ọ́, Monsieur, gbogbo ọjà ló ń wò mí. Ibo ni wọ́n ti ń tan kọ̀ǹpútà?"

Ẹ má wulẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́ta gbáko, ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n fi ń yà á fún wa lára pátákó.

Monsieur béèrè pé:

"Fadeelah, ṣé kọ̀ǹpútà gidi ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Má tíì tàn án o! Mo ti ń bọ̀. Bá mi gba àyè sílẹ̀ níwájú, èmi náà ò tíì rí i rí."