Ọwọ́ Tó Bá Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún Gbé Ọmọ

Ilẹ̀ ti ń ṣú nínú ọgbà òdòdó àtijọ́ tó wà láàrin ìgboro, nígbà tí ọ̀já tú nídìí Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún. Ọmọ-ọmọ tó pọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ bọ́ sílẹ̀.

"Pẹ̀lú gbogbo ìdí tí mò ń gbé kiri yìí, ọmọ tún ń já bọ́," ó fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi gbé e sókè."

Obìnrin kan tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì nítòsí dìde, ó gba ẹ̀yìn rẹ̀ yọ, ó gbé ọmọ sókè. Ọwọ́ rẹ̀ tutù. Ó ń gbá ọmọ nídìí, pẹ́, pẹ́, pẹ́.

Ìyá so ọ̀já tán. "Ẹ ṣeun mà." Ó bojú wẹ̀yìn, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

Ó sáré dé géètì, ó fi ọwọ́ méjèèjì tì í. Lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ kan ṣì ń gbá ọmọ nídìí, pẹ́, pẹ́, pẹ́.