Ọrẹ Tí Tíṣà Fún Ẹgbẹ́ Òṣèlú

"Màdáámù, ẹ wò ó dáadáa, èmi náà nìyẹn!"

Tíṣà ju fọ́tò sórí tábìlì. Òun rèé lóòótọ́ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ òṣèlú, òdòdó lọ́rùn, ó ń na sọ̀wédowó sí alága.

Hansaben, ọ̀gá àwọn tó ń gba owó orí ní ìlú Surat, rẹ́rìn-ín. Nígbà yẹn, òfin ń dín owó orí ẹni tó bá ta ẹgbẹ́ òṣèlú lọ́rẹ kù, ọ̀pọ̀ sì ń díbọ́n pé àwọn ṣe bẹ́ẹ̀, tí ẹgbẹ́ á sì dá owó náà padà fún wọn ní kọ̀rọ̀.

"Ti yín kì í ṣe ayédèrú, Tíṣà. Mo gbà. Ilé ìwé wo lẹ ti ń kọ́ni?"

"Ti ìjọba ni. Ọdún tó ń bọ̀ ni mo máa fẹ̀yìn tì."

Ẹ̀rín kú lójú obìnrin náà.

"Háà! Òṣìṣẹ́ ìjọba ń náwó fún olóṣèlú? Òfin kà á léèwọ̀! Iṣẹ́ bọ́ nìyẹn, owó ìfẹ̀yìntì náà lọ. Òpùrọ́ sàn jù yín lọ, owó ìtanràn lásán ni tirẹ̀."

Iwájú kò ṣeé lọ mọ́, ẹ̀yìn kò ṣeé padà sí. Tíṣà nawọ́ sí fọ́tò, àmọ́ Hansaben ti gbé ìgúnpá lé e.

"Irọ́ ni mo pa, Màdáámù! Wọ́n ti dá owó náà padà fún mi!"

"Ẹn-ẹ́n?" Ó mú bírò rẹ̀. "Ẹ̀rí dà?"