Fọ́tò Gàníyù

Màdáámù Títíloyè, HR ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan n'Ígàndó, dúró gbagidi níwájú àwọn òṣìṣẹ́ tuntun.

"Òtítọ́ kì í ṣìnà, irọ́ ní í forí gbọgbẹ́. Ẹni tó bá rí ìwàkiwà níbí, kó sọ ọ́ síta. Mìmì kan ò ní mì í."

Ó nàka sí fọ́tò ńlá kan lára ògiri. Ọkùnrin kan di ife ẹ̀yẹ mú, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Gàníyù nìyẹn. Ó sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé ọ̀gá àgbà ń tẹ déètì tuntun sára bisikíìtì tó ti bàjẹ́. Èmi fúnra mi ni mo gbé ife yẹn fún un."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Orí Màdáámù wú.

Hamdalah, ọ̀kan nínú àwọn tuntun, nawọ́. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, níbo la ti lè rí wọn? A fẹ́ lọ kí wọn."

"Ìkòtún. Ó ń wa kẹ̀kẹ́ báyìí. Ẹ wá fọwọ́ síwèé yín, jàre."

Ó mú bírò nínú ife tó ń kó bírò sí lórí tábìlì.

Orúkọ Gàníyù ṣì wà lára ife náà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ya fọ́tò yẹn gan-an ni Màdáámù lé e lẹ́nu iṣẹ́, tó sì gba ife lọ́wọ́ ẹ̀ ní géètì.

"Ta ló tún lọ́rọ̀ sọ?" Màdáámù bi àwọn tuntun.

Wọ́n tò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fọwọ́ síwèé.