Bùrọ̀dá Oyèwùnmí Ti Ka Gbogbo Ìwé Tán

Ẹ bá wa yọ̀ o, ẹ̀yin ará Monrovia!

Bùrọ̀dá Oyèwùnmí, alábòójútó ilé ìkàwé ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Lakpazee, ti ka gbogbo ìwé ibẹ̀ tán.

Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló tún ń kà wọ́n!

Pásítọ̀ tiẹ̀ gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fún àwọn ọmọ wa nírú ọpọlọ yẹn.

Èmi tí mo kàn fẹ́ yá ẹyọ kan, kò gbà fún mi láti Kérésì.

Lónìí, mo fa ìwé ìtàn kan yọ.

"Bùrọ̀dá, báwo lèyí ṣe parí?"

"Ṣé mo ṣí i rí ni? Mo ní mo kà wọ́n: igba ó lé mẹ́ta. Dá a padà, kó má lọ dín!"